Ta Ló Ni Ìbéèrè Nínú Kíláàsì?

 

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi ìtọpinpin àti ìdánúṣe hàn nínú kíláàsì. Mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe sábà máa ń lọ. Olùsọ̀rọ̀ á ní kí ọmọ máa nawọ́ sókè, kó máa jókòó níwájú, kó máa ka ìwé ṣáájú olùkọ́. A ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ á padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, yóò sì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. N kò ní gba ibẹ̀ lọ. Ohun kan wà tó ṣáájú nínawọ́ sókè, òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ta ló ni ìbéèrè? Ta ló ń bí i, ta ló sì kàn ń dáhùn?

Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan ní Kútọnu níbí, yálà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Olùkọ́ á béèrè, ọmọ á dáhùn, olùkọ́ á sọ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Ìbéèrè tó bá ti ẹnu ọmọ jáde, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò kọjá kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde lọ tọ̀, tàbí kí olùkọ́ tún ọ̀rọ̀ ojú pátákó kà. Ẹni tó ti mọ ìdáhùn ló ń béèrè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń dáhùn. Bí ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà Dantokpa, tó ń bi oníbàárà léèrè iye tí òun fúnra òun ń ta ata, wọn á ní kí ará ilé rẹ̀ tètè wá mú un lọ.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Paulin Hountondji ni orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 2024, ní ẹni ọdún 81. Abidjan ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1942, àmọ́ Àjàṣẹ́ ló ti ka ìwé girama, ní ilé ẹ̀kọ́ Victor Ballot tí gbogbo wa mọ̀ sí Béhanzin lónìí. Láti ibẹ̀ ló ti gba Paris lọ. Ó wọ École normale supérieure, ó jókòó sí kíláàsì Althusser àti Derrida, ó gba agrégation nínú fílọ́sọ́fì lọ́dún 1966, ó sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí dókítà lórí Husserl. Ẹni tó bá rí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gbà, àwa ará ibí a máa ń sọ pé ó ti parí ìwé. Hountondji kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó padà wálé wá kọ́ni ní yunifásítì, ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé àwọn ìbéèrè tí òun àti ẹgbẹ́ òun ń làágùn lé lórí, ẹlòmíràn ló bí wọn.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà wé ọrọ̀ ajé ayé amúnisìn. Èkùrọ́ àti òwú ń jáde nílẹ̀ yìí ní tútù, ilé iṣẹ́ òkèèrè ń fi wọ́n ṣe ọṣẹ àti aṣọ, ọṣẹ àti aṣọ náà á sì padà wá sọ́jà wa. Ìmọ̀ náà ń rin ọ̀nà kan náà. Onímọ̀ ọmọ Áfíríkà á wọ abúlé, á kó ọ̀rọ̀ jọ, á ka iye, á ya àwòrán, á fi ránṣẹ́. Òkèèrè ni wọ́n ti máa ń ronú lé e, tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di tíọ́rì, ibẹ̀ náà sì ni ìwé ti ń jáde wá sí ilé ìkàwé wa, tí a ó wá máa ra ohun tí a fúnra wa kó jọ. Extraversion ló pe àrùn yìí. Kò sọ pé a kò gbọ́n, kò sì sọ pé ọ̀lẹ ni wá. Ó ní ojú òkèèrè là ń wò kí a tó mọ ohun tó yẹ ká béèrè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ. Èmi rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti CI dé CM2, ọdún mẹ́fà; láti 6ème dé terminale, ọdún méje. Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlá dáhùn ìbéèrè tí kò bí, tí wọ́n ń fún un ní máàkì nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń yìn ín nítorí rẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ mú tirẹ̀ jáde nígbà tó bá di onímọ̀? A máa ń dá yunifásítì lẹ́bi. Kí ọmọ tó dé Abomey-Calavi ni nǹkan ti bàjẹ́.

Hountondji kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ sí àròyé. Òun àti àwọn olùkọ́ mìíràn ní yunifásítì wa jókòó pọ̀, wọ́n bi ara wọn ní ohun tí kò sí ẹni tó rán wọn ní òkèèrè. Àwọn tí à ń pè ní amòjòrọ̀, kí ni wọ́n mọ̀ nípa ojú ọ̀run gan-an? Ọgbọ́n ìṣirò wo ló wà nídìí bí èdè wa ṣe ń ka nǹkan? Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe ń ṣubú sílẹ̀, kí ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tó ń wo kòńgẹ́ lè rí sọ sí i? Ìwé tó jáde látinú rẹ̀ lọ́dún 1994 ni Les savoirs endogènes. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ojú odù jẹ́ 16, tí gbogbo odù lápapọ̀ sì jẹ́ 256, tó sì ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà tí ohun gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ 0 àti 1, ìbéèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó la ẹnu. Mo rí àwọn kan tó ń yí ojú báyìí nítorí mo dárúkọ odù. Ẹ fara balẹ̀, ìṣirò ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé díẹ̀, ká lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, nítorí ìtàn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ, ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ọdún 1963 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ Magamba, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń ṣe áísíkiríìmù fúnra wọn. Wọ́n á se wàrà, wọ́n á po ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n á dúró kó tutù, kí wọ́n tó gbé e sínú firíìjì tó ń mú nǹkan dì. Àyè inú firíìjì kò sì tó gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tó ń sáré kí àyè má bàa tán po ṣúgà mọ́ wàrà tí kò sè rárá, ó gbé e wọlé. Ẹnì kejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Erasto Mpemba rí i, òun náà kò dúró kí tirẹ̀ tutù mọ́, gbígbóná ló gbé e sínú firíìjì. Lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, èyí tó gbóná ti dì. Ti ẹnì kejì kò tíì dì.

Ó lọ bá olùkọ́ físíìsì. Olùkọ́ ní kò rí i dáadáa ni, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà gbà, ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe áísíkiríìmù tà nílùú Tanga sọ ọ́, ìyẹn ní gbígbóná lòun máa ń gbé tòun sí firíìjì, ó máa ń yá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ Mkwawa ní Iringa, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní òfin Newton lórí bí nǹkan gbígbóná ṣe ń tutù, ó tún béèrè. Olùkọ́ ibẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní físíìsì Mpemba nìyẹn, kì í ṣe físíìsì gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ṣi ìṣirò kan ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín pé ìṣirò Mpemba nìyẹn. Nígbà tó rí yàrá ìwádìí báyọ́lọ́jì tó ṣí sílẹ̀ láìsí olùkọ́ níbẹ̀, ó bu omi gbígbóná sínú ife kan, ó bu omi ẹ̀rọ sínú èkejì, ó gbé méjèèjì sínú firíìjì, ó sì padà wá wò wọ́n. Yìnyín inú ife omi gbígbóná ló pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni Denis Osborne, onímọ̀ físíìsì láti yunifásítì Dar es Salaam, wá bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Mpemba dìde, ó béèrè níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rín sọ. Osborne fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun á dán an wò. Ó padà sí Dar es Salaam, ó ní kí òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí òun ṣe é. Ìyẹn jábọ̀ pé èyí tó gbóná ló kọ́kọ́ dì lóòótọ́, ó sì fi kún un pé òun á máa tún un ṣe títí èsì rẹ̀ á fi tọ̀nà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí ẹ̀rín. Ní 1969, orúkọ Mpemba àti ti Osborne jọ wà lórí àpilẹ̀kọ kan náà nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ físíìsì, ayé sì ń fi orúkọ ọmọ náà pe ohun tó rí títí dòní.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan tún un ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú. Ìyẹn kò dín ìtàn yìí kù lójú mi. N kò sọ ọ́ torí pé ọmọ náà tọ̀nà, torí pé bí a bá ń yin àwọn tó béèrè tí wọ́n sì tọ̀nà nìkan, a ti padà sí ìdáhùn nìyẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi se wàrà, ojú rẹ̀ ló fi rí i. Nígbà tí ìwé wá sọ ohun mìíràn, kò ju ojú rẹ̀ nù, kò sì ju ìwé nù. Ó ń gbé méjèèjì kiri títí ó fi rí ẹni tó lè bá a gbé e. Ìtọpinpin nìyẹn. Omi méjì tó bù láìsí ẹni tó rán an, ìdánúṣe nìyẹn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rín yẹn. Olùkọ́ nìkan kọ́ ló ń pa ìbéèrè nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ pàápàá ń pa ti ara wọn. Ní Kútọnu níbí, ẹ̀rín náà ní ìdí kan tí Mpemba kò mọ̀. Ọmọ á dìde, ìbéèrè tó fẹ́ béèrè dára, àmọ́ lédè Faransé, ó pe le níbi tó yẹ kó pe la. Gbogbo kíláàsì á hó. Kò sí ẹni tó tún gbọ́ ohun tó béèrè mọ́, ọmọ náà kò sì ní dìde mọ́ títí ọdún á fi parí. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa rántí signal: egungun, tàbí igi, tàbí ìkarahun, tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tí òun náà á wá máa ṣọ́ ẹni tí yóò gbé e kọ́ lọ́rùn kó tó ṣú. Wọ́n ti jù ú nù. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni kò lọ, pé ẹni tó bá dákẹ́ kò ní gbé signal.

Àmọ́ èdè ilé kì í dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tí kò ní láti kọ́kọ́ túmọ̀ ìyàlẹ́nu rẹ̀ sí èdè ẹlòmíràn kó tó sọ ọ́, yóò tètè sọ ọ́. Ìjọba tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè ilẹ̀ yìí wò ní ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá lé díẹ̀ sẹ́yìn, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kíláàsì Kútọnu kò dà bíi ti Pobè tàbí Kétu. Ọmọ Fọ̀n, ọmọ Gùn, ọmọ Mina, ọmọ Dendi, ọmọ Yorùbá, gbogbo wọn ló jọ jókòó, olùkọ́ kan kò lè gbọ́ èdè gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún ọmọ pé, "Béèrè rẹ̀ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ, ẹnì kan níbí á túmọ̀ rẹ̀ fún mi." Iṣẹ́jú kan ni yóò gbà.

Àwọn òbí kan á ní ṣé mo fẹ́ sọ ọmọ àwọn di aláfojúdi ni. Ìbẹ̀rù yẹn yé mi, nítorí ilé kan náà la ti jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí a máa ń pa òwe náà fún: àlejò tó ń wá àdírẹ́sì. Ọmọ tó bá béèrè ìdí ohun tí àgbà sọ, òwe mìíràn la máa ń pa fún un. Síbẹ̀, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́ àpamọ̀ lálẹ́. Ọmọ ọdún méje lè dìde, kó pa á fún bàbá àgbà rẹ̀. Bí bàbá kò bá mọ̀ ọ́n, yóò gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n, ọmọ ni yóò sì já a fún un. Kò sí ẹni tó pe ọmọ náà ní aláfojúdi rí. Ètò wà, àkókò wà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ìbéèrè ni eré náà. Nínú kíláàsì, "Ẹ jọ̀ọ́, ó rú mi lójú níbi tí ẹ ti sọ pé…" kò rí olùkọ́ fín. Inú ohùn ni àfojúdi máa ń wà, kì í wà nínú ìbéèrè.

Níbo wá ni ọmọ Kútọnu ti fẹ́ rí ohun tó máa béèrè? Ẹ bá mi wo etíkun wa. Èbúté yìí ṣí ní 1965. Láti kọ́ ọ, wọ́n kó òkúta ńláńlá wọ inú òkun kí ìgbì má bàa da ọkọ̀ ojú omi láàmú. Iyanrìn etíkun wa kì í sì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí òkúta dí i lọ́nà, ó kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn èbúté, ilẹ̀ tuntun yọ níbẹ̀. Apá ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ wọlé, ó gbé òpópónà, ó gbé ilé. Àwọn ọmọ wà ní apá ibẹ̀ tó jẹ́ pé ibi tí bàbá bàbá wọn kọ́ ilé sí, inú omi ló wà báyìí. Wọ́n tún ń kọ́ nípa etíkun nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, wọ́n ń há a sórí, etíkun ilẹ̀ Faransé sì ni àwòrán inú ìwé náà lè jẹ́. Báwo ni nǹkan méjì yìí kì í ṣe pàdé lórí ọmọ kan ṣoṣo? Kí ló dé tí kò fi nawọ́ béèrè pé, kí ló ṣe tí òkun ń jẹ ọ̀dọ̀ wa, tí kò jẹ ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lápá kejì èbúté?

Ọ̀sà Nokoué náà wà níbẹ̀. Ní 1885 ni àwọn Faransé la ọ̀nà omi tó gba àárín ìlú yìí já sí òkun. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi iyọ̀ á wọ inú ọ̀sà; bí odò Ouémé bá kún láti òkè, á tì í padà, omi á tún di aláìníyọ̀. Apẹja Ganvié mọ oṣù tí ẹja kan máa lọ tí òmíràn máa dé. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè lo ọdún kan lórí ọ̀sà yìí nìkan kó má tíì tán. Kẹ́mísírì ń bẹ nínú rẹ̀, báyọ́lọ́jì ń bẹ nínú rẹ̀, ìtàn ìlú náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ sì wo kpayo, epo mọ́tò tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà, tó wà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo fò sókè níbí láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọ̀kadà tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ náà sì tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Abuja fi lè wọ àpò ìyá rẹ̀ ní Kútọnu ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ṣáájú olùkọ́ rẹ̀.

Lórí ìdánúṣe, n kò ní pẹ́. Ẹ sọdá ẹnubodè Hillacondji lọ sí Lomé. Ní 2013, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀, Afate Gnikou kó àlòkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti sọ nù jọ, ó fi wọ́n to ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D kan. Kò sí ẹni tó fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kejì, ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fẹ́ fún. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1890, olùkọ́ ni lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún un ni kó kọ́ ọmọ ní Faransé. Kò sí ẹni tó rán an pé kó máa jókòó ti àwọn àgbà, kó máa bi wọ́n léèrè nípa ààfin Abomey àti nípa májẹ̀mú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Le Pacte de sang au Dahomey jáde ní 1937, Doguicimi tẹ̀ lé e ní 1938. Olùkọ́ tó ní ìbéèrè tirẹ̀ nílé kì í bínú sí ọmọ tó ní tirẹ̀ nínú kíláàsì, bó ti wù kó rí, èmi ò tíì rí irú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn, mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé kí ẹ máa nawọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń lọ sókè kò ní ìbéèrè kankan nínú. Ẹ mọ irú ọmọ náà: ó ti ka ojú ìwé tó kàn, ó wá ń béèrè ohun tó ti mọ̀ kí olùkọ́ lè sọ pé ó káre. Ìyẹn ń wá ìyìn ni, kò wá ìmọ̀. Òmíràn sì wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, àmọ́ tó ní ìwé pélébé kan tó ń kọ ohun tí kò yé e sí, tó ń lọ bi mẹkáníìkì léèrè ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná, tó ń bi ìyá rẹ̀ ohun tó ń mú kí ògì kan. Bí olùkọ́ bá ń wo ọwọ́ nìkan, kò ní rí i láéláé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ẹ̀rín kíláàsì, kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ bá olùkọ́ lẹ́yìn tí aago bá lù. Kò sí òfin tó ní gbangba nìkan ni wọ́n ti ń béèrè.

Ó kù sọ́dọ̀ ìjọba àti ẹ̀yin olùkọ́. Kò ní dára kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti ronú ọ̀rọ̀ yìí rí. Láti 1999 ni ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ó sì wọ CEG láti 2005. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: kí ọmọ kọ́kọ́ dá ronú, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ronú, kí gbogbo kíláàsì wá jọ gbé e yẹ̀ wò, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ ẹni tó ń da ìmọ̀ sínú agbárí. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí kíláàsì bá ti kún dẹ́nu, iṣẹ́ ẹgbẹ́ túmọ̀ sí pé ọmọ kan ṣe é, àwọn yòókù wò ó kọ. Àwọn òbí ní ètò náà ba ọmọ àwọn jẹ́, àwọn olùkọ́ ní wọn kò dá àwọn lẹ́kọ̀ọ́ tó. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí bàtà náà ti ń ta mí gan-an, n kì í gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ ọ́: ìṣòro tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀kọ́, èyí tó yẹ kó ru ọmọ sókè, inú ìwé ìtọ́sọ́nà ló ti ń wá, tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. A yí bí a ṣe ń dáhùn padà. Ẹni tó ń béèrè kò yí padà.

Nítorí náà, àbá kan ni mo gbé wá. Nínú gbogbo devoir tí ẹ bá ń ṣe, ẹ ya máàkì 2 sọ́tọ̀ nínú 20. Kí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn jẹ́: kọ ohun kan tí ẹ̀kọ́ yìí kò sọ tí ìwọ fẹ́ mọ̀, kí o sì sọ bí o ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀. Máàkì kan fún ìbéèrè tó bá ẹ̀kọ́ náà mu tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lójú pátákó, máàkì kan fún ọ̀nà ìwádìí tí agbára ọmọ ká: ẹni tó máa lọ bá, ohun tó máa wọ̀n, ibi tó máa lọ wò. Ẹ ó ní kò sí irú rẹ̀ ní BAC. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí. Ṣùgbọ́n 18 tó kù ṣì wà fún BAC. Ẹ ó ní ìwé tí ẹ ń wò ti pọ̀ jù. Gbólóhùn méjì ni lórí ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ẹ máa kà lọ́sẹ̀ náà tí ẹ kò tíì mọ ìparí rẹ̀. Ẹ ó ní wọ́n á wò ó kọ lára ara wọn. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ó sì mọ̀, torí pé ìdáhùn lè jọra láìsí olè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ méjì kì í ṣàdédé fẹ́ mọ ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.

Kò nílò lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ mínísítà. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń pàdé nínú ọ̀sẹ̀. Wọ́n lè fẹnu kò lé e lórí níbẹ̀. Ibi tí èmi máa bẹ̀rẹ̀ ni 4ème, nítorí pé àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n kọ dáadáa níbẹ̀, BEPC kò sì tíì hàn wọ́n léèmọ̀.